Kinect fún Xbox 360: Ẹ Wọn Pálọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Rà Á

Kinect ni ẹ̀rọ tí Microsoft ṣe láti so mọ́ Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, kí ẹ lè fi ara yín gbá géèmù láìdi nǹkan kan mú lọ́wọ́. Pálọ̀ tó bá ní àyè mítà 2.4 tó ṣófo níwájú tẹlifíṣọ̀n, Kinect yóò dùn níbẹ̀ gan-an. Pálọ̀ tí àyè rẹ̀ kò bá tó mítà 1.8, kí onílé má wulẹ̀ náwó sí i. Ìdájọ́ wa nìyẹn, a kò sì ní fi í pamọ́ di ìparí: ẹ̀rọ yìí dára, àmọ́ yàrá ni yóò sọ bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé kò mọ nǹkan kan, àyè àti ìmọ́lẹ̀ inú ilé wọn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni Kinect bọ́ sọ́jà ní Amẹ́ríkà, dọ́là 149.99 ni wọ́n sì ń tà á, pẹ̀lú àwo géèmù kan nínú páálí rẹ̀, Kinect Adventures. Kó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ fi ara gbá géèmù sábà máa ń di nǹkan mú lọ́wọ́. Wii ti Nintendo ní ọ̀pá ìdarí tirẹ̀, PlayStation Move ti Sony náà ní tirẹ̀. EyeToy, kámẹ́rà tó jáde fún PlayStation 2 ní 2003, kò béèrè páàdì tí à ń dì mú, ṣùgbọ́n àwòrán pẹlẹbẹ ni kámẹ́rà rẹ̀ ń rí. Kò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ yín sún mọ́ ọn tàbí ó jìnnà sí i. Kinect mọ̀ ọ́n. Ó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó, ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ó yẹ ká mọ bó ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni gbogbo àléébù rẹ̀ ti ń wá. Ojú mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá dojú kọ ọ́, èyí tó wà lápá òsì yín ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, irú èyí tí ojú ènìyàn kì í rí. Ó ń wọ́n ẹgbàágbèje àmì tóótòòtó sára ògiri, àga àti ara yín, bí ẹni wọ́n yanrìn sílẹ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ń wo ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Bí àmì bá ṣe yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Èyí àárín jẹ́ kámẹ́rà lásán, píksẹ́lì 640 ní ìbú àti 480 ní òró, fún àwọ̀ àti ojú ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ PrimeSense ní Ísírẹ́lì ló ṣe ọgbọ́n àmì yìí. Xbox fúnra rẹ̀ ló wá ń ti inú àwòrán yẹn wá oríkèé 20 lára ènìyàn: èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, ìbàdí, orúnkún àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè rí ènìyàn 6 lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ènìyàn 2 péré ló lè wá oríkèé wọn.

Ohunkóhun tí kò bá jẹ́ kí àmì wọ̀nyẹn padà dé ojú ọ̀tún, ọ̀tá Kinect ni. Oòrùn ni olórí wọn. Infrared pọ̀ nínú oòrùn débi pé ó ń bo ti Kinect mọ́lẹ̀, nítorí náà, bí fèrèsé bá kọjú sí ibi tí ẹ ń dúró sí, ẹ fa kọ́tìnì, kí kọ́tìnì náà sì nípọn. Òkùnkùn kò da ẹ̀rọ yìí láàmú rárá. Ẹ lè pa iná kí ẹ sì máa jó. Ohun kan ṣoṣo tí òkùnkùn ń bà jẹ́ ni dídá ojú ènìyàn mọ̀, torí kámẹ́rà àárín nìyẹn ń lò. Lẹ́yìn oòrùn ni jígí ńlá, tábìlì àárín onígíláàsì àti àga aláwọ dúdú tó ń dán. Àwọn wọ̀nyí ń ta àmì dànù síbòmíràn, ẹ̀rọ á sì rí ihò níbi tí nǹkan wà.

Aṣọ náà ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Kinect kò rí egungun, ohun tó wà lókè ara ló ń rí. Bí ẹ bá wọ agbádá tàbí bùbá fífẹ̀, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ wà á di àdììtú fún un. Ìró tó balẹ̀ burú jù, torí orúnkún méjèèjì á di ọ̀kan ṣoṣo, géèmù tó ní kí ẹ fò á sì máa wò yín bí ẹni tó dúró gbagidi. Ṣòkòtò àti ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ra díẹ̀ ló bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àyè, torí ibẹ̀ ni owó ń ṣòfò sí. Ìmọ̀ràn àwọn tó ṣe é ni ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn mítà 1.8, fún ẹni kan, àti ẹsẹ̀ bàtà 8, ìyẹn mítà 2.4, fún ẹni méjì. Ìdí rèé. Ojú rẹ̀ gba dígírì 57 ní ìbú àti 43 ní òró. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ní mítà 1.8, ìbú tó ń rí kò ju nǹkan bíi mítà 1.95 lọ, òró rẹ̀ kò sì ju mítà 1.4 lọ. Àgbàlagbà kankan kò lè wọlé tán sínú mítà 1.4! Orí ni yóò gé kúrò tàbí ẹsẹ̀, bó ti wù kí mọ́tò inú rẹ̀ gbé e sókè sódò tó. Ní mítà 2.4, ìbú á di 2.6, òró á di nǹkan bíi 1.9, gbogbo ara á wọlé, ènìyàn méjì á sì lè na apá láìlu ara wọn. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé mítà 2.4 ni kí ẹ fojú sí, kódà bó jẹ́ ẹni kan ṣoṣo ló fẹ́ gbá a. Tí ẹ bá kọjá mítà 3.5, ìwọ̀n rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe. Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú ẹ̀rọ dé ibi tí ẹsẹ̀ yín máa wà. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ògiri dé ògiri. Ẹ sì wo òkè: fáànù àjà tó bá rẹlẹ̀ àti ọwọ́ tó ń fò kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju mítà 1.8 lọ. Kí ó wà ní àárín tẹlifíṣọ̀n, lókè rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì sún mọ́ etí tábìlì, kí tábìlì fúnra rẹ̀ má baà wọ inú àwòrán. Ẹ má gbé e lé orí sípíkà, gbígbọ̀n rẹ̀ ń da ìwọ̀n rú. Ẹ má sì fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ láéláé. Mọ́tò ló wà nínú ọrùn rẹ̀ tó ń gbé e dígírì 27 sókè tàbí sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ipá tẹ̀ ẹ́ ti fọ́ eyín mọ́tò náà nìyẹn.

Síso ó mọ́ Xbox rọrùn bí tiyín bá jẹ́ 360 S tàbí 360 E, àwọn tó jáde lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ojú kan wà lẹ́yìn tí wọ́n pè ní AUX, ibẹ̀ ni wáyà náà ń wọ̀, iná àti ìsọfúnni ń gba ibẹ̀ pọ̀. Èyí tó ti pẹ́, Xbox 360 àkọ́kọ́, kò ní AUX. USB rẹ̀ kò sì lè gbé Kinect: fóòlítì 5 ló ń gbé jáde, nígbà tí Kinect ń fẹ́ 12. Nítorí náà, ó ní wáyà áńdáptà tirẹ̀ tó pín sí méjì, ẹ̀ka kan lọ sí USB ẹ̀yìn, ẹ̀ka kejì lọ sí iná ògiri. Wáyà yìí ló máa ń sọnù nínú ọjà tòkúnbọ̀. Bí kò bá sí i, tí tiyín sì jẹ́ ti àkọ́kọ́, irin lásán lẹ rà. Fún àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára áńdáptà kí ẹ tó fi sí iná: èyí tí wọ́n bá kọ 100 sí 127V sí, ti Amẹ́ríkà ni, 240 wa yóò jó o.

Bó bá ti tàn, ẹ wọ Kinect Tuner nínú sétíńgì, ibi tí wọ́n ti ń mú ẹ̀rọ náà bá yàrá mu. Yóò kọ́kọ́ wo àyè yín, yóò sì fi hàn yín nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà ni ti ohùn: gbohùngbohùn 4 ló wà nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ilé dákẹ́ kó tó fi ariwo sípíkà tẹlifíṣọ̀n yín wọn yàrá. Ẹ má ṣe ìyẹn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ fèrèsé, torí yóò ka ariwo yẹn mọ́ ara ilé, kò sì ní gbọ́ yín dáadáa mọ́. Ohùn yìí kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ bá a sọ. Láti yan nǹkan lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé ọwọ́ lé e kí ẹ sì dúró títí àmì òbìrípo á fi kún. Láti dá géèmù dúró, ẹ jẹ́ kí apá ọ̀tún wà nílẹ̀, kí ẹ na apá òsì kúrò lára ní dígírì 45, kí ẹ má sì mira.

Nípa géèmù, ohun kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí: láti ìgbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ sí ìgbà tí ti inú tẹlifíṣọ̀n á gbé tirẹ̀, ó máa ń gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n tuntun tún ń fi tirẹ̀ kún un, nítorí náà ẹ yí i sí ipò géèmù (Game Mode). Géèmù tó bá mọ èyí tó sì fi í ṣe ìṣirò, òun ló ń dùn. Ijó ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, a kò ṣiyèméjì. Ẹni tó ń jó ti mọ ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀, ìlù á sì bo ìfàsẹ́yìn náà mọ́lẹ̀. Sísáré lójú kan, fífò àti ìjà ẹ̀ṣẹ́ náà ń dára. Tẹníìsì orí tábìlì ń fẹ́ kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Wíwa mọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo kò dára, a kò ní tàn yín. Kò sí ohun tó dá ọwọ́ dúró, apá á rẹ̀ yín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ kò sì rí ìka. Ẹni tó jókòó náà, ó ń kà á mọ́ àga.

Bí ó bá ń rí àga bí ènìyàn, ẹ sún àga náà kúrò, kí ẹ jáde kúrò níwájú rẹ̀ kí ẹ tún wọlé. Bí ó bá pààrọ̀ ẹni kìíní mọ́ ẹni kejì, kí ẹ̀yin méjèèjì jáde, kí ẹ padà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí pọ̀ nígbà tí ọmọdé bá ń dúró mọ́ àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ẹlòmíràn bá ń kọjá lẹ́yìn. Bí ọwọ́ inú tẹlifíṣọ̀n bá ń gbọ̀n, ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá sì ń sọ pé wọ́n ti yọ òun nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ẹ wo wáyà AUX bóyá ó ti dẹ̀, kí ẹ sì yẹ ihò afẹ́fẹ́ wò, torí fáànù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí eruku ń dí.

Láti 2017 ni wọ́n ti dá ṣíṣe Kinect dúró, tòkúnbọ̀ nìkan ló kù. Ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Xbox 360 náà ti kógbá sílé ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, nítorí náà àwo ni kí ẹ máa wá, kí ẹ sì rí i pé agbègbè tí wọ́n ṣe é fún bá ti Xbox yín mu. Ọ̀pọ̀ àwo Amẹ́ríkà kò ní ṣí lórí ẹ̀rọ Yúróòpù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta Kinect ti Xbox One, ẹ̀rọ tó tẹ̀lé 360, fún yín. Ó tóbi jù, wáyà rẹ̀ yàtọ̀, kò sì ní wọlé sí 360 láéláé, bẹ́ẹ̀ ni ti 360 kò ní ṣiṣẹ́ lórí Xbox One. Xbox Series X àti S kò gba èyíkéyìí nínú wọn.

Lọ́jà, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ Xbox lójú yín. Ojú apá òsì gbọ́dọ̀ pọ́n ráńpẹ́ bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ẹ wọ Kinect Tuner, kí ẹ sì wo orí rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò láti wá yín, ẹ fetí sí ọrùn rẹ̀ bóyá ó ń han. Lẹ́yìn náà kí ẹ fà sẹ́yìn mítà méjì, kí ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹ rí ara yín lójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó ka owó.