Ímeèlì àbí WhatsApp: èwo ni ká fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀?

Ẹ ń ta èlùbọ́ ní Adó-Èkìtì, ilé ìtajà kan ní Èkó fẹ́ máa rà á lọ́wọ́ yín. Èwo lẹ máa fi kọ̀wé sí wọn?

WhatsApp yá. Fún "ọjà ti wà lọ́nà o", kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Àmọ́ ẹ wá iye owó tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn láàárín fídíò àdúrà àti "ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi", kí ẹ wá wò ó!

Tó bá ti kan owó, iye àpò àti ọjọ́ tí ọjà máa dé, ímeèlì ni tèmi. Àkọlé rẹ̀ ṣe pàtàkì: "Iye owó èlùbọ́, àpò 50, oṣù Kẹfà" dáa ju "Ẹ kú iṣẹ́" lọ fíìfíì. Àwa Èkìtì fẹ́ràn ìkíni, kò burú; ẹ kí wọn ní ìlà kan, kí ìlà kejì sọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ibi tí WhatsApp ti borí ni àtúnṣe: ìṣẹ́jú 15 ló fún yín láti tún ọ̀rọ̀ kọ. Ní Gmail, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ló pọ̀ jù tí ẹ fi lè fa lẹ́tà padà.