Aogashima dùn, agent tó ta ìrìn-àjò náà fún mi ló fẹ́ bà á jẹ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti dé èbúté Hachijojima, erékùṣù kan ní Japan tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí erékùṣù Aogashima, báàgì wà lẹ́yìn mi, wọ́n ní ọkọ̀ Aogashima ò lọ lónìí, ìgbì ti pọ̀ jù. Mi ò bá àwọn tó wà níbẹ̀ jà o, ta ló fẹ́ bá òkun jà? Agent tó gbowó mi ní Tokyo ni mo pè.

Mo ní ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kì í sábà lọ tí òkun bá ń ru? Ó ní òun mọ̀. Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ kẹ́ ẹ tó gbowó? Kò fọhùn. Mo ní ẹ bá mi wáyè nínú hẹlikọ́pítà nígbà yẹn, ó ní èèyàn 9 péré ló ń gbé, ó ti kún. Owó hòtẹ́ẹ̀lì tí mo san lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ó ní kò kan àwọn. Ó wá já fóònù mọ́ mi létí!

Nígbà tí ọkọ̀ wá gbéra, bíi wákàtí 3 lórí omi, mo rí i pé kò sí etíkun oníyanrìn kankan ní erékùṣù yìí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló já sínú òkun gbọnrangandan, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi kọnkéré mọ èbúté sí. Òkè ayọnáyèéfín ni gbogbo ẹ̀. Ẹ gun Otonbu, ibi tó ga jù níbẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí kòtò ńlá kan tí òkè míì, Maruyama, tún jókòó sínú ẹ̀, igbó bò ó tutù yọ̀yọ̀. Òkè ayọnáyèéfín yẹn bú ní 1785, ó pa èèyàn tó lé ní 100 nínú 327 tó ń gbébẹ̀, àwọn tó kù sá lọ sí Hachijojima, ó tó bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó padà wá kọ́lé. Bíi 170 ni wọ́n báyìí, abẹ́ Tokyo ni wọ́n ṣì wà, bó tilẹ̀ jìn tó kìlómítà 358.

Màmá tó ni ilé tí mo sùn, ọlọ́run ló máa bá mi san án fún wọn. Wọn ò gba kọ́bọ̀ fún alẹ́ tí mi ò lè dé, wọ́n ní òkun ló gba ọjọ́ yẹn. Àwọn ló mú mi lọ síbi tí ooru ti ń tú látinú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hingya, wọ́n kó ẹyin àti ànàmọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sínú ibi ìse-nǹkan tó wà níbẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n tú ooru sí i, fùùù! Ọ̀fẹ́ ni o. Iyọ̀ tá a fi jẹ ẹyin náà, ooru ilẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fi sè é látinú omi òkun. Ànàmọ́ yẹn dùn dé eegun.

Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ ra nǹkan tẹ́ ẹ nílò ní Hachijojima, ẹ sì fi ọjọ́ méjì kún ìrìn-àjò yín, torí ọkọ̀ lè má lọ. Agent ò sọ ìyẹn náà.

Máàkì mi: 5 nínú 5. Agent ò sí nínú ẹ̀ o, owó hòtẹ́ẹ̀lì mi ni mo ń retí lọ́wọ́ wọn.