Síkéèlì àfọwọ́kọ́ tí mo fi ń wọn ẹrù ìlù l'Ọ̀yọ́ kí n tó dé ẹ́ápọ́ọ̀tù: ó tó owó ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò

Ẹ̀yin ọmọ Àyàn ẹgbẹ́ mi, àti gbogbo ẹni tó ń kó ẹrù tó ń gbàyè wọ bàálù, ọ̀rọ̀ síkéèlì kékeré yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀ tí ẹ ó fi kọ́ ọwọ́ báàgì tí ẹ ó wá gbé e sókè kó sọ iye kílò tó jẹ́ fún yín. Tèmi ò ní orúkọ kankan lára, dúdú ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n kọ 50kg sí i pé ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ mọ. Òun ni mo ń lò nígbàkigbà tí a bá fẹ́ kó ìlù lọ sókè òkun láti Ọ̀yọ́ níbí, mo sì fẹ́ sọ ibi tó dáa dé àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, torí mo ń rí àwọn èèyàn wa tó ń san owó tí kò yẹ kí wọ́n san ní káńtà, àwọn míì á tú báàgì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, wọ́n á yọ gángan fún ẹni tó sìn wọ́n wá s'Íkẹjà pé kó máa gbé e padà lọ sílé. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ mọ̀ pé ìlù ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo o, àyè ló ń gbà. Ìyáàlù wa tòun ti saworo ẹ̀ fi díẹ̀ lé ní kílò 3, kẹ̀rìkẹ̀rì ò jìnnà sí i, gángan fúyẹ́ jù wọ́n lọ, gúdúgúdú ló kàn máa ń ya èèyàn lẹ́nu torí ó kéré lójú ṣùgbọ́n igi ara ẹ̀ nípọn. Tí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìlù dùndún ẹni mẹ́rin yẹ kó wọnú kílò 23 kó sì tún ṣẹ́kù dáadáa. Kí ló wá ń mú un lé? Báàgì ni. Báàgì, fóòmù, páálí, pákó, bàtà tí ẹnìkan kàn jù sí i ní wàràwéré. Ohun tí a kó ìlù sí ló ń jẹ kílò mọ́ wa lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni síkéèlì yìí ti wúlò fún mi jù, ju wíwọn àpapọ̀ ẹrù lọ pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti òfin. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó ẹ̀yìn láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú Yúróòpù, kílò 23 ni wọ́n ń gbà fún báàgì kan, iye báàgì tí wọ́n fún yín wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kà á, ẹ má bi ọ̀rẹ́ yín. Tó bá lé ní 23 tí kò tíì ju 32 lọ, ẹ ó sanwó. Tó bá ju 32 lọ, wọn ò ní gbà á rárá bí ẹ tiẹ̀ lówó lọ́wọ́, torí èèyàn ló ń fi ọwọ́ gbé báàgì wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Ẹ ó sì fi tépù wọ̀n ọ́n: gígùn, ìbú àti gíga, tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé ti tépù yìí, onílù ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ẹ̀.

Ó yá, ẹ wo ohun tí síkéèlì fi hàn wá nílé. Mo kó gbogbo báàgì tó wà nílé jáde, mo wọ̀n wọ́n lófo. Àpótí líle onítáyà mẹ́rin, èyí tó tóbi, ó lé ní kílò 5. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó ju kọngọ́ ìlù kan ṣoṣo sínú ẹ̀, ohun tó kù fún yín ò tó 18 mọ́. Báàgì aṣọ onítáyà méjì, kílò 3 àti díẹ̀. Báàgì gbọọrọ aláṣọ tí ò ní táyà, tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, kò tó kílò 2. Bàámi ní tiwọn ti ní kí káfíńtà kan kan àpótí pákó fún ìyáàlù, wọ́n ní ìlù tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kò ní wọnú báàgì aṣọ láéláé. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé pákó náà kọ́ ná." Ẹ̀ka igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé la kọ́ síkéèlì náà mọ́, àbúrò mi gbé àpótí náà sí i, ó ju kílò 9 lọ lófo! Bàámi wò ó títí, wọ́n ní, "Kí wá ni a ń gbé lọ síbẹ̀, ṣé ìlù ni àbí pákó?" Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti dárúkọ àpótí yẹn mọ́, inú ẹ̀ ni wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí báyìí.

Ti ẹ̀ka igi yẹn gan-an ṣe pàtàkì. Ìwé tó wà nínú páálí síkéèlì ní kí a fi ọwọ́ gbé e, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ gbé kílò 23 ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tẹ̀ díẹ̀ ló wà nínú síkéèlì náà tó ń mọ bí ẹrù ṣe wúwo, tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n irin náà á máa gbọ̀n, nọ́ńbà á máa sá sókè sódò. Ẹ kọ́ ọ mọ́ ohun tó dúró ṣinṣin, igi ni o, irin ojú fèrèsé ni o, tàbí kí èèyàn méjì fi ọ̀pá gbé e léjìká, kí ẹ rọra tú ọwọ́ kúrò lára báàgì, kí ẹ dúró títí yóò fi dún tín-ín tí nọ́ńbà á fi dúró lójú kan. Ẹ má jà á sókè lójijì o.

Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ dán an wò. Omi ni mo fi ń dán tèmi wò torí lítà omi kan kílò kan ni. Ike omi lítà 1.5 mẹ́fà, kílò 9 ni omi inú ẹ̀, ike fúnra ẹ̀ á fi díẹ̀ kún un. Àwọn kan ń lo píọ́ wọ́tà, ogún ọ̀rá sẹ̀ńtílítà 50 nínú báàgì kan, ó yẹ kó jẹ́ kílò 10, ṣùgbọ́n àwa tí à ń mu ún mọ̀ pé kì í sábà kún tó bẹ́ẹ̀, ike dáa jù. Tèmi sọ 9 àti díẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Tí mo bá wọn báàgì kan náà léraléra, ó máa ń yàtọ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 200 sí 300, nítorí náà 22.5 ni mo máa ń dúró sí, mi ò kì í lọ kan 23.

Ẹ tún wo bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Òun ló ń yí kílò padà sí páùn, tí nǹkan bá fọwọ́ kàn án nínú báàgì ó lè yí fúnra ẹ̀. 23 ti kílò, 50 àti díẹ̀ ni ní páùn, tí ẹ bá rí 50 kí ẹ má fòyà, ohun tó burú ni pé kí ẹ rí 30 kí ẹ rò pé kílò ni, kí ẹ wá máa yọ ẹrù tí kò yẹ kí ẹ yọ.

Ó kan dídì ẹrù fúnra ẹ̀. Mi ò lo fóòmù mọ́. Òyìnbó kan ni mo rí lẹ́bàá káńtà tó ń tún ẹrù ẹ̀ tò, ẹrù eré ìdárayá tí wọ́n ń fi ìgbòkun ńlá ṣe lórí òkun ló kó, kite ni wọ́n ń pe ìgbòkun náà, atẹ́gùn á gbé e, pákó á wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó dì í mú. Pákó ẹ̀ ló tẹ́ sísàlẹ̀, ó ti tú àwọn ìyẹ́ abẹ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, ìgbòkun yẹn àti aṣọ rọ́bà tó fi ń wọnú omi tútù ló ká yí pákó náà po, kò sí tìmùtìmù kankan níbẹ̀, gbogbo ohun tó ń dáàbò bo ẹrù ni ohun tó máa lò tó bá débẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní kí aṣọ rọ́bà náà gbẹ ni olórí ọ̀rọ̀, tó bá ṣì tutù àbí tí iyanrìn bá wà nínú ìgbòkun, kílò á lé láìsí ìdí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Aṣọ eré wa ńkọ́? Agbádá, dàńṣíkí, ṣòkòtò, fìlà, gbogbo ẹ̀ kílò kan náà ni yálà ó wà nínú báàgì ọ̀tọ̀ tàbí ó wé mọ́ ìlù.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ojú ìlù ni mo kọ́kọ́ ń bò, mo máa ń gé páálí ní róbótó tó ṣe wẹ́kú ojú ẹ̀, ìkan sí apá kan, ìkan sí apá kejì, kí n tó fi agbádá wé e láti orí dé ìdí. Mo máa ń dẹ ọṣán, okùn awọ tó fa ojú ìlù méjèèjì yẹn, díẹ̀ kí awọ má baà le pinpin, torí afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ bí ọyẹ́ wa, awọ ewúrẹ́ tó ti fà gbọnrangandan tẹ́lẹ̀ lè ya. Ìyáàlù á sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, gángan á sùn sí ibi tí ìbàdí ìyáàlù ti tín-ín-rín, wọ́n á wọra wọn. Gúdúgúdú lọ sí ìsàlẹ̀ níbi táyà torí òun ló wúwo. Kọngọ́ ńkọ́? Inú bàtà. Orí kọngọ́ tó tẹ̀ yẹn ló ń lu awọ láti inú wá tí wọ́n bá ju báàgì, mo ti rí awọ tí kò sí ohun tó ṣe é ju kọngọ́ ara ẹ̀ lọ, ẹ tì í bọnú bàtà kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ dí ẹnu ẹ̀.

Ẹ fi gángan tàbí kànnàngó ṣe ẹrù ọwọ́ tí ẹ ń gbé wọ inú bàálù tí ẹ bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ bàálù Emirates, kílò 7 ni wọ́n ń gbà fún ẹrù ọwọ́, ti Lufthansa kílò 8, wọ́n sì máa ń wọ̀n ọ́n nígbà míì. Síkéèlì yìí wúlò níbẹ̀ torí kò wúwo, apò ni mo ń fi sí. Pawa báǹkì, ọwọ́ ló ń lọ, kò gbọ́dọ̀ wọ báàgì tó ń lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ awọ náà ṣe kókó: awọ tútù tí wọn ò tíì ṣe, tó ṣì ní irun lára, tí ẹ ń gbé lọ láti fi pààrọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Àrùn anthrax lè wà lára irú awọ bẹ́ẹ̀, ní 2006 ó mú oníṣẹ́ ìlù kan ní New York láti ara awọ tó kó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, kọ́sítọ́ọ̀mù ò fi ṣeré.

Ìgbà kan wà tí òṣìṣẹ́ káńtà ọkọ̀ òfurufú kan sọ pé báàgì wa jẹ́ kílò 26. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, 22 àti díẹ̀ ló jẹ́ nílé." Ó ní síkéèlì ọjà ni mo lò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká gbé báàgì náà kúrò lórí ẹ̀ ná, a gbé e kúrò, síkéèlì tiwọn lófo ń sọ 3 lójú gbogbo wa. A gbé e lọ sí káńtà kejì, 22.6. Kò bínú, èmi náà ò bínú, ṣùgbọ́n tí n kò bá ti wọn ẹrù mi nílé, mi ò ní ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, owó àlékún ni mà bá san. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n wo ojú síkéèlì ibẹ̀ kí ó wà ní 0 kí wọ́n tó gbé báàgì lé e. Tí ẹ bá sì dé òdìkejì tí ẹ rí i pé ìlù ti fọ́, ẹ fi ìwé sùn wọ́n kí ọjọ́ 7 tó pé, ohun tí àdéhùn Montreal, òfin àgbáyé lórí ìrìn-àjò bàálù, sọ nìyẹn, lẹ́yìn ìyẹn wọn kì í dá yín lóhùn.

Ibi tí síkéèlì yìí kù sí: ojú ẹ̀ ò ní iná, aago mẹ́rin ìdájí la sì máa ń di ẹrù kí a lè bá ọkọ̀ Èkó gbéra kí ojú ọ̀nà tó dí, fóònù la ń tàn sí i. Ọwọ́ ike ẹ̀ tín-ín-rín, ó ń gé èèyàn lọ́wọ́ tí ẹ ò bá gbé e kọ́ igi. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń lò, CR2032, ó ṣòro láti rí l'Ọ́jà Akẹ̀sán, lọ́wọ́ àwọn tó ń tún aago ṣe ni mo ti ń rà á. Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wá èyí tó ń lo bátìrì AAA, tí ojú ẹ̀ ní iná, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì jẹ́ bẹ́líìtì dípò ìkọ́ irin, torí ìkọ́ irin kì í wọ inú ọwọ́ báàgì tó nípọn dáadáa, ó máa ń yọ̀ nígbà tí ẹrù bá ti wà lókè.