Ẹ́ńjìnì Wo Ni Ká Rà fún Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àwòṣe? Ìfiwéra Kíìtì Kejì, Rẹ́síìnì àti Ẹ̀rọ 3D

Ohun tí àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àwòṣe sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí wọ́n ti lè rí ẹ́ńjìnì tó rẹwà jù lọ rà. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, báwo ni àyè tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ṣe tóbi tó? Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà rí ẹ́ńjìnì. A lè ra kíìtì kejì, ìyẹn páálí ọkọ̀ àwòṣe mìíràn tí ẹ́ńjìnì tó wù wá wà nínú rẹ̀. A lè ra ẹ́ńjìnì rẹ́síìnì, ìyẹn ike olómi tó máa ń gan, tí oníṣẹ́ ọwọ́ dà nínú mọ́ọ̀dù. A sì lè ra èyí tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀ jáde. Mo ti lo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí kò ní ibi tó dára sí, ṣùgbọ́n èyí tó yẹ ọkọ̀ kan lè ba òmíràn jẹ́.

Ọkọ̀ tí yóò gba ẹ́ńjìnì

Kíìtì ọkọ̀ oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Èkíní ní odidi ẹ́ńjìnì, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń ṣí. Èkejì kò ní ẹ́ńjìnì rárá. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n yọ sí abẹ́ ṣáásì, kí ẹni tó bá dojú ọkọ̀ náà délẹ̀ lè rí nǹkan wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ Jàpáánì bíi Tamiya, Fujimi, Aoshima àti Hasegawa, tí wọ́n sábà máa ń ṣe ọkọ̀ ní ìwọ̀n 1/24 (ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn ju àwòṣe lọ ní ìlọ́po 24), ti ṣe oríṣi méjèèjì, àmọ́ èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì pọ̀ gan-an nínú tiwọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bíi AMT àti Revell, tí ìwọ̀n 1/25 ti mọ́ lára tipẹ́, sábà máa ń fi odidi ẹ́ńjìnì sínú páálí. Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ fi V8, ìyẹn ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ tó pín sí ìlà méjì bíi lẹ́tà V, sínú ọkọ̀ Jàpáánì fi máa ń wá a lọ sínú páálí Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá fi ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ ti ra iṣẹ́ mìíràn pọ̀ mọ́ èyí tó fẹ́ ṣe. Yóò ní láti fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá ojú ìlà bónẹ́ẹ̀tì léraléra títí tí yóò fi já kúrò lára bọ́dì, yóò gé iwájú ṣáásì dànù, yóò sì fi ìwé ike pẹlẹbẹ kọ́ ògiri yàrá ẹ́ńjìnì láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ògiri tó pín ẹ́ńjìnì níyà sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ó ṣeé ṣe, ó sì máa ń dùn mọ́ni nígbà tó bá parí, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tó ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì fún ìgbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo àwòrán ẹ̀gbẹ́ páálí dáadáa, tàbí kí ẹ wá ìwé ìtọ́sọ́nà kíìtì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá rí ibi tí wọ́n ti ń to ẹ́ńjìnì nínú ìwé náà, kò sí ẹ́ńjìnì nínú páálí náà nìyẹn, bó ti wù kí àwòrán iwájú páálí dára tó.

Ìwọ̀n, níbi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ

Bí ẹ́ńjìnì gidi kan bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, yóò gùn ní mílímítà 25 ní ìwọ̀n 1/24, mílímítà 24 ní 1/25, àti nǹkan bíi mílímítà 33 ní 1/18. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì 1/25 nínú ọkọ̀ 1/24 kì í hàn sí ẹnikẹ́ni. Mílímítà kan péré ló fi kúrú, kódà àǹfààní ni, nítorí ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ ráàyè fi rediétọ̀ sí iwájú. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì 1/24 ni a fẹ́ fi sínú ọkọ̀ 1/25, mílímítà kan yẹn kan náà ni yóò máa fún wa ní wàhálà. Ti 1/18 kò ní í bá 1/24 mu láéláé, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnì 1/18 tó rẹwà tàn yín jẹ.

Ìrísí ẹ́ńjìnì náà tún ní tirẹ̀. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan, bíi 2JZ-GTE ti Toyota Supra tàbí RB26DETT ti Nissan Skyline GT-R, gùn, ó sì ga, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn ló ti máa ń kan nǹkan. V8 kúrú jù ú lọ, àmọ́ ó fẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń kan ilé sípíríìnì àti ọ̀pá ìdarí. Mo fi V8 irú LS ti Chevrolet, èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú Corvette ọdún 1997, sínú Mazda RX-7 FD ní ìwọ̀n 1/24. Ẹ́ńjìnì 13B tí a fi ṣe ọkọ̀ náà kéré púpọ̀, lítà 1.3 péré, kò ní písítìn rárá, rótò tó ń yí ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ibi tí táyà iwájú wà. Imú ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ga. Nígbà tí mo gbé V8 náà sí i láìfi gúlúù kàn án, tí mo sì gbé bónẹ́ẹ̀tì lé e, ẹ̀yìn bónẹ́ẹ̀tì gbé sókè ní mílímítà méjì. Mílímítà méjì kéré lójú, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ gidi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 nìyẹn, ojú ẹni tó mọ ọkọ̀ kò sì ní fò ó.

Ohun tó gbé e sókè kì í ṣe orí ẹ́ńjìnì bí mo ti rò. Àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jókòó lé irin ìdábùú iwájú ṣáásì. Mo fi fáìlì rẹ́ ìsàlẹ̀ àwo náà, mo gé ìdámẹ́ta irin ìdábùú náà ní àárín, ẹ́ńjìnì sì wọlé bí ìgbà tí wọ́n ṣe é mọ́ ọn. Ibi tí kò sẹ́ni tí yóò rí yìí ló pinnu gbogbo iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ náà, n kì í ra ẹ́ńjìnì láìkọ́kọ́ gé fóòmù tàbí páálí ní ìwọ̀n gígùn, fífẹ̀ àti gíga tí olùtajà fún mi, kí n sì gbé e sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó san kọ́bọ̀.

Kíìtì kejì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ike kan náà ni ẹ́ńjìnì àti ọkọ̀ tí yóò gbà á, nítorí náà gúlúù olómi tó ń yọ́ ike pọ̀ mọ́ ara wọn máa ń mú wọn le bí ẹ̀yà kan. Gíábọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọ̀pá èéfín wà níbẹ̀, fáànù àti rediétọ̀ wà níbẹ̀, ìwé ìtọ́sọ́nà sì ń sọ ibi tí kálukú ń lọ. Ẹni tó ti ra ẹ́ńjìnì lásán rí mọ bí àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ṣe níye lórí tó, nítorí ẹ́ńjìnì tí kò ní rediétọ̀ àti róbà omi dà bí ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé owó odidi ọkọ̀ la ó san nítorí ẹ́ńjìnì kan, bọ́dì tó bá sì ṣẹ́kù kò ní ẹ́ńjìnì mọ́. Ojú iṣẹ́ lè má mú tó ti àwọn méjì yòókù, pàápàá bí mọ́ọ̀dù kíìtì náà bá ti pẹ́, nítorí pé bẹ́líìtì àti púlì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹyọ kan. Bí wọ́n bá fi ìpara fàdákà bo ideri ẹ́ńjìnì, bí kíìtì Amẹ́ríkà ṣe sábà máa ń ṣe, gúlúù olómi kò ní mú un. Ẹ rì í sínú blíìṣì títí ìpara náà yóò fi ṣí, kí ẹ sì fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ tó kàn án mọ́ nǹkankan.

Rẹ́síìnì

Ẹ́ńjìnì rẹ́síìnì tó dára máa ń mú ojú iṣẹ́ jáde ju ti kíìtì lọ, ẹ sì lè rí oríṣi tí kò sí nínú kíìtì kankan. Ṣùgbọ́n gúlúù olómi kò mú rẹ́síìnì. Súpà gúlúù tàbí ẹpọ́kísì ni yóò ṣe é. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kùn ún, nítorí òróró tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù máa ń jẹ́ kí ọ̀dà bó. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà inú omi ni kí ẹ ti fi sáńpépà rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ìbòmú bo imú.

Ewu tó wà nínú rírà á ni ẹ̀dà ayédèrú. Ẹlòmíràn máa ń ra ẹ́ńjìnì tí oníṣẹ́ gidi ṣe, yóò ṣe mọ́ọ̀dù láti ara rẹ̀, yóò sì máa dà á tà. Rẹ́síìnì máa ń sún kì díẹ̀ bó bá ti gan, nítorí náà ẹ̀dà kejì kéré ju èkíní lọ, ojú rẹ̀ sì ń kú. Mo ti gba ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí, tí ihò afẹ́fẹ́ kún abẹ́ páìpù afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kan nínú sílíńdà mẹ́jọ kò sì jáde tán. Ẹ béèrè àwòrán ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn, kì í ṣe iwájú nìkan, nítorí iwájú ni gbogbo olùtajà máa ń yà.

Èyí tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀

Ní ti ojú iṣẹ́, kò sí èyí tó lè bá èyí du ipò kìíní báyìí. Bẹ́líìtì máa ń dá dúró, orí bóòtù máa ń hàn, a sì lè rí inú ẹnu tọ́bò. Àǹfààní tó tóbi jù ni pé ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé yí padà: bí olùtajà bá ní ẹ́ńjìnì 1/24, ó lè dín in kù sí ìdá 96 nínú 100 kó di 1/25 gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dín ti 1/18 kù fún yín láìbéèrè. Ìdá 75 nínú 100 ni ìyẹn, páìpù tó nípọn ní mílímítà 0.4 yóò sì di 0.3, èyí tí ó lè ṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Ṣíṣẹ́ gan-an ni àbùkù rẹ̀. Ike kíìtì máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Èyí, tí wọ́n fi oríṣi rẹ́síìnì tí iná UV ń mú gan tẹ̀, kì í tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń já. Ẹ tún wo ìlà ìpele tí ẹ̀rọ fi tẹ̀ ẹ́, pàápàá lára ideri ẹ́ńjìnì tó yẹ kó dán. Ìpele mílímítà 0.05 wọ́pọ̀, ó sì ń fẹ́ sáńpépà díẹ̀ kí ọ̀dà fàdákà tó lè dára lójú. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ó sì ń lẹ̀, kò tíì gan tán: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí rẹ́síìnì tútù máa ń jẹ awọ ara, kí ẹ sì fi sábẹ́ iná UV sí i. Olùtajà tó bá jẹ́ pé àwòrán kọ̀ǹpútà nìkan ló ní, tí kò lè fi èyí tó ti tẹ̀ tán hàn yín, ẹ kọjá rẹ̀.

Wáyà àti ohun tó kù

Wáyà plọ́ọ̀gì gidi nípọn ní nǹkan bíi mílímítà 8, nítorí náà mílímítà 0.33 ló yẹ ní 1/24. Èyí tí mo máa ń rí lára ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, ó sì máa ń ba ẹ́ńjìnì tó dára jẹ́. Ẹ mọ ẹ́ńjìnì yín kí ẹ tó ra wáyà: LS kò ní dìstríbútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì mẹ́jọ ló jókòó lórí ideri rẹ̀ pẹ̀lú wáyà kúkúrú, V8 kékeré ti Chevrolet àtijọ́ ní dìstríbútọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí ti Ford 302 wà níwájú. RB26DETT àti 2JZ-GTE kò nílò wáyà gígùn kankan, nítorí orí plọ́ọ̀gì ni kọ́ìlì wọn wà.

Ọkọ̀ onírin 1/18 tí wọ́n tà ní tító yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ẹ óò tú ìdè rẹ̀ lábẹ́, ẹ óò sì rí i pé ẹ́ńjìnì inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ike pẹlẹbẹ kan. Èyí tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀ nìkan ni mo lè fọwọ́ sí fún un, nítorí ẹ́ńjìnì kíìtì kò pọ̀ ní ìwọ̀n náà.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo tún fẹ́ rà lónìí, tí mo sì ní ọkọ̀ 1/24 tó ní yàrá ẹ́ńjìnì, kíìtì Amẹ́ríkà 1/25 tó ní V8 ni mo máa rà fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Fún ọkọ̀ tí imú rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi RX-7, èyí tí ẹ̀rọ 3D tẹ̀ ni, lẹ́yìn tí mo bá ti bẹ olùtajà pé kó bá mi tẹ àwo ọ́ìlì lọ́tọ̀, kí n lè rẹ́ ẹ láìfọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnì.