Oṣù márùn-ún tí mo fi lo òróró ẹja: ẹ yí ìgò sẹ́yìn kẹ́ẹ tó sanwó

Dókítà ló sọ pé triglyceride, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi, ti ga jù, ó ní kí n jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí n sì máa jẹ ẹja dáadáa, èmi náà bá yà sí kẹ́míìsì, mo ra òróró ẹja omega-3 kan tí wọ́n kọ 1000 gàdàgbà síwájú ìgò ẹ̀.

Ìgò yẹn ti fẹ́ẹ̀ tán kí n tó ka ẹ̀yìn ẹ̀. 1000 mg yẹn, òróró ẹja lápapọ̀ ni o! EPA àti DHA, ìyẹn àwọn ọ̀rá omega-3 tí à ń torí ẹ̀ rà á gan-an, 180 àti 120 péré, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 300. Inú bí mi gidi. Èyí tí mo ń lò báyìí, 500 EPA àti 250 DHA ló wà nínú hóró kan, ìyẹn ni pé hóró méjì ààbọ̀ ti àkọ́kọ́ ló tó ẹyọ kan èyí. Owó ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

Ti àkọ́kọ́ tún máa ń jẹ́ kí n gùfẹ̀ ẹja títí di ọ̀sán. Òróró yìí tètè máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti afẹ́fẹ́, torí náà inú fíríìjì ni mo ń gbé èyí sí, ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ ni mo sì ń gbé e mì, gùfẹ̀ yẹn ti lọ.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, àmọ́ mo ti pa ẹlẹ́rìndòdò tì pẹ̀lú, mi ò lè ní òróró nìkan ni. Àwọn olùwádìí gan-an ò tíì fẹnu kò. Lọ́dún 2018, ìwádìí VITAL ní Amẹ́ríkà, èèyàn 25,871, gíráàmù omega-3 kan lójúmọ́ fún ohun tó lé lọ́dún márùn-ún, kò dín àpapọ̀ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù tó bí wọ́n ṣe retí. Ọdún yẹn náà ni ìwádìí mìíràn, REDUCE-IT, jáde, gíráàmù mẹ́rin EPA nìkan lójúmọ́, wọ́n ní ó dín in kù ní ìdá 25 nínú 100 fún àwọn tí triglyceride wọn ga, ni àwọn kan bá ní òróró mineral tí wọ́n fún àwọn yòókù, àwọn tí wọn ò fún ní EPA, ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Oògùn dókítà ni gíráàmù mẹ́rin yẹn o, ẹ má fúnra yín dán an wò, ó lè da lílù ọkàn rú.

Ẹja Títù ni mo fi ń tì í lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, EPA àti DHA yìí náà ló wà nínú ẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìgò kejì. Mo yọ ọ̀kan torí hóró ẹ̀ tóbi jù, màmá mi ò lè gbé e mì rárá.