Nissan Leaf tòkunbọ̀: ẹ yẹ bátìrì wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Nínú àwọn ọkọ̀ oníná tó ń wọ̀lú bíi tòkunbọ̀, Nissan Leaf wà lára èyí tí apá mẹ̀kúnnù lè ká. Ìparí ọdún 2010 ló kọ́kọ́ jáde. Kò ní ẹ́ńjìnì, kò ní plọ́ọ̀gì, kò sí pé à ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ẹ̀rọ tó ń yí táyà rẹ̀ kì í sábà yọni lẹ́nu. Bátìrì ló ń pa ọkọ̀ yìí, ooru ló sì ń pa bátìrì, torí Nissan kò fi omi kankan sí i tí yóò máa tù ú lára. Ní Arizona lọ́hùn-ún, ọdún 2012 ni àwọn tó ra ti 2011 ti ń figbe ta.

Ẹ tan ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ wo apá ọ̀tún dáṣíbọọ̀dù. Ìlà kéékèèké 12 ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà ńlá tó ń sọ iye ṣáàjì. Àwọn kékeré yìí ló ń sọ agbára tó kù nínú bátìrì. Tí àkọ́kọ́ bá lọ, nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ti lọ nìyẹn. Ìkọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e ń mú bí ìdá 6 lọ. Àmọ́ àwọn ọlọ́jà kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà dá ìlà méjèèjìlá padà. Ìwà burúkú gbáà ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ìlà náà á tún máa pòórá.

Nítorí náà, ẹ wá ẹ̀rọ OBD2 oníBluetooth, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ẹ tì í bọ ihò rẹ̀ lábẹ́ sítíárì, kẹ́ ẹ ṣí LeafSpy, áàpù tó ń fi ipò bátìrì Leaf hàn, lórí fóònù. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí ṣáàjì á fi ku bí 20%, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa gun òkè kan. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wo sẹ́ẹ̀lì 96 tó tò síbẹ̀. Tí ìyàtọ̀ àárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù bá ju 100 mV (millivolt) lọ, ọ̀kan ti ń kú lọ. Ó ṣeé tún ṣe, torí ìdìpọ̀ 48 ló wà nínú bátìrì 24 kWh (ìyẹn èyí tó ń gba yúnìtì iná 24), a lè pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n iná ibẹ̀ sún mọ́ 400 volt. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ plọ́ọ̀gì tó ń já iná bátìrì náà, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn.

Okùn ṣáàjì tó bá a wá láti Amẹ́ríkà, 120 volt ló sábà máa ń jẹ́. Tiwa jẹ́ 230. Ẹ má fi ádápítọ̀ tì í bọ ara ògiri. Okùn 230 volt, 10 amp ni kẹ́ ẹ rà, kí oníṣẹ́ iná sì fa wáyà 2.5 mm tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti bọ́ọ̀dù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́. Bí kò bá sí wáyà tó wọlẹ̀, okùn náà á kọ̀, iná pupa á tàn. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í fi sábà ṣáàjì rẹ̀.

Leaf 2013 tó ku ìlà 9 á rin nǹkan bí kìlómítà 80. Ó máa jẹ tó yúnìtì 18; ní ₦209.50 tí Band A jẹ́ ní July 2024, ₦3,771 nìyẹn. Ọkọ̀ epo tó ń jẹ lítà 10 ní kìlómítà 100 á jẹ lítà 8. Ẹ fi iye epo àdúgbò yín ṣírò rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí ìjọba ran ọkọ̀ oníná lọ́wọ́? Ó yẹ gan-an. Ìjọba Amẹ́ríkà yá Tesla, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná níbẹ̀, ní $465 mílíọ̀nù ní 2010, Tesla sì san án tán ní 2013. Ní Nàìjíríà, ìjọba kéde ní October 2024 pé kò ní sí VAT lórí ọkọ̀ oníná. A dúpẹ́, àmọ́ àìsan VAT kò jí òkú bátìrì dìde. Ilé ìgbaṣáàjì olóòrùn tí NADDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ṣíṣe ọkọ̀ ní Nàìjíríà, kọ́ sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní 2021 wúlò jù ú lọ. Èyí tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún jù ni kí wọ́n yẹ bátìrì wò ní èbúté, kí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀ kó tó jáde. Láìsí èyí, ẹja inú omi ni àwọn èèyàn ń dúnàádúrà.

Ní tiwa, ẹ fi ti 2011 àti 2012 sílẹ̀. Bátìrì ti 2015 fara da ooru jù wọ́n lọ. Bí owó bá tó, 2018 sókè tó ní 40 kWh, tí ìlà 11 ṣì dúró, ni kẹ́ ẹ mú.