Rótọ̀ kò sí nínú páálí: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún fún ọ́fíìsì gíráǹtì ọgbà wa

Lọ́dún 2019, àwa mẹ́rin la gbé páálí ńlá kan wọ láàbù wa. Centrifuge ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí túùbù kíákíá kí ohun tó wà nínú omi lè yà sọ́tọ̀, tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti di olùkọ́. Bàbá Láàbù fi ọ̀bẹ la páálí, wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀rọ, wọ́n yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n wá wojú mi. "Dọ́kítà, rótọ̀ dà?"

Rótọ̀ ni irin tí a ń ki túùbù bọ̀, òun gan-an ló ń yí. Mo pe ẹni tó tà á fún wa l'Ékòó. Ó ní, "Ẹ ò béèrè rótọ̀, mà. Ọ̀tọ̀ la máa ń tà á." Ó sì jàre mi. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ohun tó wà níbẹ̀ ni "centrifuge, ẹyọ kan." Owó sì ti tán. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé báàgì lé ẹ̀rọ náà lórí.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ́fíìsì tó ń bójú tó gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún ìwádìí, lọ́gbà ilé ẹ̀kọ́ gíga wa nígbà tí mo fẹ́ kọ àbá ìwádìí mìíràn ní ìparí 2022. N kò ní dárúkọ ọgbà wa o, ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń gba owó oṣù. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé wọn ò níṣẹ́ kankan ju kí wọ́n gba fáìlì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lọ.

Ìyá kan ló wà níbẹ̀, Màmá Gíráǹtì la máa ń pè wọ́n, bíró pupa kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Àbá mi dá lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ba èlùbọ́ jẹ́ lọ́jà, centrifuge tó ń mú ara rẹ̀ tutù ni mo sì fẹ́ rà lọ́tẹ̀ yìí. Màmá kò tilẹ̀ wo ojú ewé èlùbọ́. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣí tààrà.

"Rótọ̀ ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Túùbù mélòó ni yóò gbà? Iná tó ń wọ láàbù yín, ta ló wọ̀n ọ́n rí? Tó bá bàjẹ́, ṣé ẹni tó máa tún un ṣe wà ní Nàìjíríà? Láti pápákọ̀ òfurufú dé ọgbà yìí, owó ta ni? Ṣé ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ ètò ìnáwó l'Abújá máa ń fúnni ní ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò fi ní gba owó lórí irú ẹrù báyìí? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kí ẹrù tó gbéra, kó má lọ jẹ́ pé orí ìdúró ni owó ibùdó ẹrù á ti máa gorí ara wọn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìlà kan ti di méje: ẹ̀rọ, rótọ̀ méjì, UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró tí iná bá lọ), owó ìkẹ́rù, VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ẹni tó máa wá tò ó, àti àtúnṣe ọdún kejì.

Ibi tí mo ti fún wọn ní ìràwọ̀ jù nìyí. Mo kọ ọ́ pé, "Láàbù wa nílò ẹ̀rọ yìí fún ìwádìí tó yanrantí." Wọ́n fa ìlà pupa sí i. "Láàbù wo ni kò nílò rẹ̀?" Wọ́n ní kí n sọ ohun tí à ń ṣe báyìí tí kò sí. Mo bá kọ ọ́ pé èlùbọ́ 240 la máa kó láti ọjà márùn-ún, pé inú kúlà oníyìnyín la ń kó ohun tí a bá yọ lára rẹ̀ sí lọ sí Ìbàdàn, pé mẹ́rìnlélógún péré la lè ṣe lóòjọ́ tí wọ́n bá gbà wá láyè, àti pé ẹ̀ka méjì mìíràn yóò bá wa lò ó. Àwọn olórí ẹ̀ka méjèèjì buwọ́ lù ú. Ìpínrọ̀ yẹn kò ju ìlà mẹ́fà lọ.

Wọ́n tún mọ ohun tí olówó kọ̀ọ̀kan ń sanwó fún. TWAS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, tí Abdus Salam ọmọ Pakistan dá sílẹ̀ ní 1983, máa ń sanwó ẹ̀rọ àti kẹ́míkà, ṣùgbọ́n kì í san owó oṣù tàbí owó ìrìnàjò fún olùwádìí. Ní ti TETFund, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, tí owó orí àwọn iléeṣẹ́ sì ń bọ́, ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ yín ló máa kọ́kọ́ yẹ gíráǹtì ti inú ilé ẹ̀kọ́ wò kó tó dé Abújá. Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé ká máa yá ẹ̀rọ lò ni, kí la fẹ́ fi tiwa ṣe. Ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì àrùn àkóràn ní Redeemer's University, l'Ẹ́dẹ, ló kọ́kọ́ ka jíìnì kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹta 2020. Ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé.

Ó wá ku ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ méjì. Owó jáde ní oṣù kẹta 2023. Náírà ni wọ́n fi san án, dọ́là 6,200 sì ni ẹ̀rọ, bíi mílíọ̀nù 2.9 nígbà náà. Ínfọ́ìsì tí mo mú wá, ìwé tí olùtajà kọ iye ẹ̀rọ sí, kò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kó tó kú. Ìgbìmọ̀ tó ń rajà fún ọgbà ní àfi kí ínfọ́ìsì pé mẹ́ta. Ní oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ò pé. Ní oṣù karùn-ún, alága wà lẹ́nu ìsinmi. Ní 14 oṣù kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, dọ́là kan ti kọjá 750. Ẹ̀rọ mi di mílíọ̀nù 4.7. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ọ́fíìsì gíráǹtì kò pe ẹnikẹ́ni, wọn ò sì tẹ̀ lé fáìlì náà. Mo lọ bá Màmá. Wọ́n ní, "Dọ́kítà mi, ẹ má bínú. Tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi." Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn.

A yọ rótọ̀ kejì, a yọ owó àtúnṣe, a ra èyí tó kéré sí i. Ó ń ṣiṣẹ́. Bàbá Láàbù máa ń fi àǹkárá bò ó nírọ̀lẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé báàgì sún mọ́ ọn.

Tí ẹ bá wà lọ́gbà wa, tí ẹ fẹ́ lọ: ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ, kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ tẹ ìwé yín láti ilé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kì í ní yíǹkì. Ẹ mú ínfọ́ìsì mẹ́ta dání kí gíráǹtì tó jáde rárá, kí nọ́ńbà rótọ̀ sì wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.